Ègé Kan Lára Adégbìtẹ́

Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹrin ọdún 2024, ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀lé ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, wọ́n wá ègé kan lára Adégbìtẹ́ káàkiri ilé rẹ̀ ní Kofar Doya, wọn kò rí i.

Adégbìtẹ́ fúnra rẹ̀ kò bá wọn wá a. Orí ẹní ló wà lábẹ́ igi dógóyárò tó wà láàárín àgbàlá. Wọ́n kó ìrọ̀rí tì í lẹ́yìn, nítorí bí ó bá fẹ̀yìn lélẹ̀ pátápátá, èémí á ṣọ̀wọ́n fún un bí omi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Òjìji ewé ń rìn lórí àyà rẹ̀, ó ń lọ, ó ń bọ̀, òun náà sì ń wò ó bí ẹni tó jókòó sétí odò. Ooru Sókótó ti mú kí ògiri ilé máa gbọ̀n lójú rẹ̀. Ohùn àwọn ará ilé ń jáde láti inú yàrá, ṣùgbọ́n ó jọ pé òdìkejì odò náà ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀.

"Nínú àgolo Mílò ló wà," Sìmbíátù ìyàwó rẹ̀ ń wí. "Orí kọ́bọ́ọ̀dù. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi gbé e síbẹ̀."

"Màámi, àgolo Mílò náà rè é. Ṣúgà ló wà nínú ẹ̀." Fathiat ọmọ wọn nìyẹn, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì.

"Ṣúgà báwo?"

"Mo ti tọ́ ọ wò. Ṣúgà ni."

Adégbìtẹ́ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ̀rín náà di ikọ́, ikọ́ náà sì pẹ́ kí ó tó tán.

Ohun tí wọ́n ń wá kò tóbi ju èékánná ọmọdé lọ. Àwọn dókítà ló gé e lára awọ tó bo ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, wọ́n fi ìda funfun bíi ti àbẹ́là bò ó, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ike pẹlẹbẹ kan. Ara ègé yìí ni wọ́n ti mọ̀ pé kì í ṣe ikọ́ ife ló ń dà á láàmú bí àwọn ará àdúgbò ti ń sọ, bí kò ṣe jẹjẹrẹ kan tí wọ́n ń pè ní mesotẹlióómà, èyí tí eruku asibẹ́sítọ́ọ̀sì máa ń fà. Nígbà tí ilé-ìwòsàn lò ó tán, wọ́n gbé e lé ẹbí lọ́wọ́ pé kí wọ́n máa tọ́jú rẹ̀ fúnra wọn, nítorí ọjọ́ mìíràn. Kò sí ẹni tó sọ irú ọjọ́ tí ọjọ́ mìíràn náà ń jẹ́.

Òun ló dé yìí. Fathiat ló wá ọ̀nà kan rí, lórí fóònù rẹ̀. Ó ti gbọ́ pé àwọn dókítà kan lágbàáyé ń dán oògùn tuntun wò lára àwọn tó ní irú àìsàn yìí, pé wọn kì í gba owó, àti pé ẹni tó bá wọ inú ìwádìí bẹ́ẹ̀ lè rí oògùn tí kò tíì dé ọjà lò. Láti ìgbà ọyẹ́ ló ti ń wá wọn. Ìwádìí kan ní àwọn tó ń gbé ní Amẹ́ríkà nìkan ni àwọn ń gbà. Òmíràn ní aláìsàn kò gbọdọ̀ tíì gba oògùn jẹjẹrẹ kankan rí, bẹ́ẹ̀ Bàbá ti gbà á. Òmíràn ti parí tipẹ́, wọn kò kàn rántí ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ni. Àwọn yòókù kò fèsì. Ọmọ náà á jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní bàbá rẹ̀, á máa bi í ní ìbéèrè bí ọlọ́pàá.

"Bàbá, ṣé ẹ lè fi ẹsẹ̀ ara yín rìn dé mọ́sálásí? Bàbá, ṣé oorun tí ẹ ń sùn lójúmọmọ ju àkókò tí ẹ fi ń lajú lọ?"

"Ta ló ń bá mi kà á?" Adégbìtẹ́ á dá a lóhùn. "Bí mo bá sùn, mo sùn náà nìyẹn."

Dókítà obìnrin kan ní Káírò ló fèsì níkẹyìn. Àyè kan ṣoṣo ló kù nínú ìwádìí tiwọn. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi ègé náà ránṣẹ́, kí àwọn yẹ̀ ẹ́ wò; bí ó bá bá oògùn náà mu, àwọn yóò ránṣẹ́ gbé Bàbá. Kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ Ajé kí ó tó dé ọwọ́ àwọn. Ọlọ́run sì ti ọ̀nà kan ṣe é: Hámzà, ọmọ Hàúwà aládùúgbò wọn, tó ń kàwé ní Káírò, wá bá ìyá rẹ̀ ṣọdún, ó sì ń padà lọ lónìí. Tí wọ́n bá ti kírun Àlàásàrì tán, yóò gba pápákọ̀ òfurufú lọ.

Òògbé tún gbé Adégbìtẹ́. Nínú òògbé náà, ègé yẹn ti lọ. Ó jókòó sórí itan Hámzà nínú bàálù, ó ń yọjú wo yanrìn nísàlẹ̀, yanrìn funfun tí kò lópin. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wọ ilé-ìwòsàn, ó dọ̀bálẹ̀ bí ọmọ tí a kọ́ dáadáa, ó ní, "Adégbìtẹ́ ní kí n kí yín. Ó ní òun ń bọ̀ lẹ́yìn."

Ohùn Ọlámilékan ló jí i. Àbúrò rẹ̀ ni, ó ń ta okùn àti oúnjẹ ẹran ní Kasuwar Kara, ọjà ẹran, kò sì sí ọ̀rọ̀ tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ẹran yín sọnù. Tiwa ní Kara, bó bá sọnù, ó máa ń ké."

Fathiat yọjú láti inú yàrá, eruku wà lórí ìborùn rẹ̀. "Bàbá Kékeré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wá a."

"Kí n bá yín wá kí ni? Kí àwọn Lárúbáwá lè fi ẹ̀gbọ́n mi ṣe ẹmọ́? Wọ́n á fún un lóògùn tí ẹnikẹ́ni ò lò rí, wọ́n á jókòó tì í, wọ́n á máa wò ó bóyá ó máa kú."

"Níbí ńkọ́?" Fathiat kò pariwo. "Kí là ń ṣe níbí ju pé ká jókòó tì wọ́n, ká máa wò wọ́n?"

Ọlámilékan ṣí fìlà rẹ̀, ó fi nu ojú, ó sì wọlé lọ bá wọn tú ẹrù. Ní ẹnu ọ̀nà, ó wúkọ́ kékeré kan. Ó bojú wẹ̀yìn wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó tètè gbójú kúrò.

Káfíńtà ni Adégbìtẹ́. Síílìn asibẹ́sítọ́ọ̀sì tó kàn sí ilé-ẹ̀kọ́ àti ọ́fíìsì ní ìlú yìí kò ṣeé fẹnu sọ. Ayùn ọwọ́ ló fi ń rẹ́ ẹ, Ọlámilékan tó ṣì kéré nígbà náà á di etí kejì mú fún un. Eruku rẹ̀ á máa bọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, á bo irun wọn, á bo ìpéǹpéjú wọn. Àwọn tó gbéṣẹ́ fún wọn máa ń dúró lókèèrè, wọ́n á fi aṣọ bo imú, wọ́n á ní kí wọ́n ṣe kíá. Kò sí ẹni tó fún wọn ní ohun tí wọn yóò fi bo tiwọn. Bí ó bá délé, Sìmbíátù á ní, "Ọkọ mi elélùbọ́ ti dé," á gba aṣọ lọ́rùn rẹ̀, á sì gbọ̀n ọ́n nù sí ẹ̀yìnkùlé. Adégbìtẹ́ rí eruku náà báyìí, ó ń bọ́ láti ara ewé dógóyárò, ó rọ̀, kò níró, ó ń bo ẹní, ó ń bo àgbàlá, ó ń bo òrùlé Kofar Doya, kò sì sí ẹni tó ń wúkọ́ nínú gbogbo ìlú.

"Sannu, Baban Fathiat. Yaya jiki?"

Hàúwà ló dúró tì í, tó ń béèrè bí ara rẹ̀ ti rí, ó gbé igbá fúrá lọ́wọ́.

"Da sauki," ló dá a lóhùn, nítorí ohun tí èèyàn ń dáhùn nìyẹn, kódà bí ara kò bá fúyẹ́.

Hàúwà jókòó sórí àpótí. Ó gbọ́ Yorùbá bí ẹni tí wọ́n bí sí Ọ̀gbómọ̀ṣọ́, àwọn ará ilé yìí ló fi kọ́ ọ. "Hámzà ti di ẹrù. Ó fi àyè sílẹ̀ nínú báàgì ọwọ́, ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n jù ú sí ìsàlẹ̀ bàálù." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nídìí ẹ̀rọ omi? Wọ́n ní ẹ fẹ́ ta kíndìnrín Baban Fathiat fún àwọn ará Íjíbítì. Mo ní wallahi, kíndìnrín ọkùnrin tó ń mu ṣúgà tó báyìí, ta ló máa gbà á?"

Sìmbíátù tó jáde wá gba fúrá rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ kò bá a rẹ́rìn-ín. Ó bu fúrá náà sí abọ́, ó gbé e lọ fún Ìyá Àgbà.

Ìyá Àgbà ni ìyá Adégbìtẹ́. Láti àárọ̀ ló ti wà lórí awọ ìkírun rẹ̀ nítòsí igi làálì lẹ́bàá ògiri, ó ń fa tẹ̀sùbáà. Nínú gbogbo ìwákiri náà, òun nìkan ni wọn kò bi léèrè. Wọ́n ti fi ẹnu kò pé kò gbọdọ̀ gbọ́ jẹjẹrẹ. Òtútù àyà ni wọ́n sọ fún un. Bí ó bá yọ sí wọn níbi tí wọ́n ti ń sọ ọ́, wọ́n á yí i sí ọ̀rọ̀ ọbẹ̀.

"Kí lẹ̀ ń wá láti àárọ̀?" ló bi Sìmbíátù.

"Ṣíbí ni, Ìyá."

"Ṣíbí lẹ fi ń tú àpótí aṣọ."

Ìyá Àgbà mu fúrá rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n pe ìrun Àyìlà, ó ṣe àlùwàlá. Adégbìtẹ́ ń wò ó láti orí ẹní, ó wà láàárín orun àti ìtajígìrì. Ó rí i tí ìyá rẹ̀ fọ ẹsẹ̀ tán, tó da omi tó kù nínú kẹ́tù sí ìdí làálì, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fún ọmọ lómi mu. Ó rí i tí ètè rẹ̀ mì. Ó gbọ́ ọ: ó ń sálámọ̀, bí a ti ń sálámọ̀ sí òkú nínú sàréè. Bẹ́ẹ̀ ló ti ń ṣe láti ọjọ́ mélòó kan, Adégbìtẹ́ sì rò pé òun ń lá a ni.

Ooru wà, síbẹ̀ ara rẹ̀ tutù.

"Ìyá."

"Àlàó." Oríkì rẹ̀ nìkan ló fi ń pè é.

"Ta lẹ̀ ń kí níbẹ̀?"

"Ìwọ ni," ni Ìyá Àgbà wí.

Ó wá jókòó sétí ẹní, ó tún ìrọ̀rí rẹ̀ ṣe. Ohùn rẹ̀ balẹ̀ bí ohùn ẹni tó ṣe iṣẹ́ rere tí kò sì wá ọpẹ́.

"Mo ń bá wọn tún ilé ṣe de ọdún. Mo bá ike kan nínú àgolo. Ìyàwó ẹ ń dín máásà, mo bi í. Ó ní, 'Ìyá, ẹran ara Bàbá Fathiat ni, tí wọ́n gé lọ́sibítù.' Ó tán síbẹ̀. Mo dúró kó tún sọ̀rọ̀, kò sọ. Mo ní ẹran ara ọmọ mi, lórí kọ́bọ́ọ̀dù, nínú àgolo, bí ẹja gbígbẹ. Ohun tó bá já lára Mùsùlùmí, ilẹ̀ la fi í bò. Mo fi àgolo yẹn gba ṣúgà, mo bu omi gbígbóná, mo yọ́ ìda yẹn kúrò lára ẹ̀. Mo wẹ̀ ẹ́. Mo fi aṣọ funfun dì í. Ibi tí mo sin ibi ẹ sí lọ́jọ́ tí mo bí ẹ nílé yìí, ibẹ̀ náà ni mo sin ín sí. Ara ẹ wá bá ara ẹ."

Adégbìtẹ́ wo ewé. Nínú yàrá, Fathiat ń ka ohun tí wọ́n ti yẹ̀ wò sókè, ó ń tún un kà. Bí òun bá dákẹ́, ọ̀sán á rọ̀, Hámzà á lọ, ìyá rẹ̀ á sì lo ọjọ́ ayé rẹ̀ tó kù láìmọ̀ pé òun ṣe nǹkan kan. Ó rọrùn láti dákẹ́. Ó jọ sísùn. Ṣùgbọ́n ó wù ú kí ó yè. Ohun náà yà á lẹ́nu, bí ó ṣe wù ú tó. Bóyá ilẹ̀ ṣàánú, kò tíì jẹ ẹ́.

Ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. "Ìyá, ẹ foríjì mí," ló wí. Ó wá gbé ohùn sókè, bí èémí rẹ̀ ti lè gbà. "Fathiat. Ẹ fi àpótí sílẹ̀. Ẹ mú ọkọ́ wá."

Ọlámilékan ló wa ilẹ̀ náà. Ó fi ọkọ́ bẹ̀rẹ̀, nígbà tó ṣe, ó jù ú nù, ó ń fi ọwọ́ wa á. Kò jìn. Aṣọ funfun náà wà níbẹ̀, tàbí ohun tó kù lára rẹ̀: ikán ti fi iyẹ̀pẹ̀ rọ́pò òwú. Nígbà tí ó gbé e, ó fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ bí àkàrà tó gbẹ lórí iná. Kò sí nǹkan nínú rẹ̀.

Fathiat gbé asẹ́ tí ìyá rẹ̀ fi ń sẹ́ ògì wá. Ó kúnlẹ̀, ó ń jọ iyẹ̀pẹ̀ náà, ẹ̀kúnwọ́ kan tẹ̀lé òmíràn. Gbòǹgbò làálì, èèpo ẹyin, ẹsẹ̀ kòkòrò. Ó da gbogbo rẹ̀ padà, ó tún un jọ. Kò sí ẹni tó ní kó dáwọ́ dúró. Iyẹ̀pẹ̀ funfun náà ń bọ́ láti inú asẹ́, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, oòrùn ń là á kọjá, Adégbìtẹ́ sì ń wò ó. Ó mọ irú rẹ̀.

"Ó bi mí," Sìmbíátù ń wí fún ara rẹ̀. "Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó bi mí, mo sì ń dín máásà."

"Ìyá, irú kí lẹ ṣe báyìí?" ni Ọlámilékan sọ. Iyẹ̀pẹ̀ bo apá rẹ̀ dé ìgúnpá.

Ìyá Àgbà wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í yé e, ó ń yé e díẹ̀díẹ̀, bí omi ṣe ń wọ ilé láti abẹ́ ilẹ̀kùn.

"Ta ló sọ fún mi pé ó ṣì ní ibi tó ń lọ?" ló wí. "Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbà ò wọ akèrègbè. Ẹ̀yin lẹ gbé akèrègbè sá fún mi. Ṣíbí lẹ ní ẹ̀ ń wá."

Fathiat dìde, ó nu ọwọ́, ó pe Káírò. Ó tẹ fóònù sí ibi tí gbogbo wọn á ti gbọ́. Ohùn dókítà obìnrin náà jìnnà, ó sì mọ́. Fathiat sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ìyẹn béèrè bóyá wọ́n lè gé òmíràn. Fathiat ní àwọn dókítà níhìn-ín ti sọ pé àyà Bàbá kò lè gba ọ̀bẹ mọ́, pé omi tún ti kún un. Dókítà ní láìsí ègé náà, kò sí bí òun ṣe lè fi orúkọ Bàbá sínú ìwádìí; òfin ìwádìí ni, kì í ṣe ọwọ́ òun ló wà. Ó ní ẹlòmíràn ń dúró. Ó ní kí Fathiat má bínú. Ó tún un sọ, ó ní kó má bínú.

"Sai hakuri," ni Hàúwà fi rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣe sùúrù, ó fi ìborùn nu ojú.

"Omi dànù," ni Sìmbíátù bẹ̀rẹ̀, bí a ti ń wí fún ẹni tí nǹkan ṣe, "agbè ò…" Ojú rẹ̀ bọ́ sí àyà ọkọ rẹ̀ tó ń lọ sókè sódò. Kò parí rẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun Àlàásàrì, Hámzà wọlé pẹ̀lú báàgì. Ìyá rẹ̀ ti sọ fún un lójú ọ̀nà. Ó lóṣòó síwájú ẹní, ó ń fa síìpù báàgì náà ṣí, ó ń fà á pa dé.

"Sannu, Baba," ló sọ níkẹyìn.

"Máa lọ ire," Adégbìtẹ́ wí fún un. "Bá mi kí wọn níbẹ̀."

Kẹ̀kẹ́ tó ń dúró fún un lóde fọn fèrè. Ariwo rẹ̀ gba ìta Kofar Doya lọ, ó dín kù, ó dàpọ̀ mọ́ ti àwọn kẹ̀kẹ́ yòókù, kò tún yàtọ̀ mọ́.

Òjìji igi ti gùn dé ara ògiri. Sìmbíátù dáná, nítorí wọn kò tíì jẹun láti àárọ̀. Ọlámilékan jókòó sẹ́bàá ihò, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, lọ́tẹ̀ yìí kò gbójú kúrò lára ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ wọ́ iyẹ̀pẹ̀ padà sínú ihò náà, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń tẹ́ ẹ.

"Fathiat," ló pè. "Kí lorúkọ àìsàn yẹn gan-an?"

Fathiat wo bàbá rẹ̀. Adégbìtẹ́ mi orí sí i pé kó sọ ọ́. Ọmọ náà sọ ọ́ fún un.

Ìyá Àgbà gbìyànjú rẹ̀ ní ẹnu, díẹ̀díẹ̀, ó ṣì í sọ, ó tún un sọ títí ó fi gún. Lẹ́yìn náà ó gbé kẹ́tù, ó wo ìdí làálì, ó sì gbé kẹ́tù náà sílẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n fi àyè náà fún ẹlòmíràn. Ègé náà kò sí mọ́, kò sì sí òmíràn tí wọ́n lè gé.